Ṣé lóòótọ́ ni pé Kòsọ́kọ́ ò ní àgbá? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ogun Agídìngbì

BàbáTòmíwá

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS 2 gbé nọ́ọ̀tì ìtàn ẹ̀ wálé lánàá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò torí wọ́n máa ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wá débì kan tí wọ́n kọ ọ́ pé ní 1851 àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó torí pé àwọn ní àgbá, ìyẹn ìbọn ńlá tó ń yin ọta irin, àwọn ará Èkó ò sì ní ju ṣakabùlà àti àdá lọ. Mo kà á, ọkàn mi ò gbà á.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìyá tó bí ìyá mi, kò sígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ogun yẹn tí wọn ò ní pè é ní ogun Agídìngbì, wọ́n ní bí àgbá ṣe ń dún nìyẹn, agídìngbì, agídìngbì, wọ́n á máa fọwọ́ gbá tábìlì kó lè yé wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, ti orí omi á dún, ti orí ilẹ̀ náà á dá a lóhùn. Tó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ní àgbá, kí ló dé tí ogun ọ̀hún ò parí lọ́jọ́ kan? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀tàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi lọ kọ irọ́ sílẹ̀.

ỌmọÈkóẸ̀pẹ́

Bàbá Tòmíwá, ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Irọ́ gbáà ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Èmi ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ni, àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn ogun yẹn làwọn bàbá ńlá wa, a ò sì gbàgbé.

Kòsọ́kọ́ ní àgbá, ó ní in dáadáa. Ó tò wọ́n sí etí ọ̀sà, ó mọ òkìtì ilẹ̀ síwájú wọn, ó tún ní kí wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀ sínú omi kí ọkọ̀ má baà lè sún mọ́ èbúté. Ẹ̀ẹ̀méjì làwọn Gẹ̀ẹ́sì sì wá, èyí tí nọ́ọ̀tì yẹn ò sọ rárá. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1851 ni wọ́n kọ́kọ́ wá, Beecroft tó jẹ́ kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba wọn, àti Forbes tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ogun, wọ́n ta àsíá funfun sórí ọkọ̀ Bloodhound, wọ́n ní ọ̀rọ̀ làwọn bá wá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun ni, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó kún fún sójà sì tẹ̀ lé e, àwọn tiwa bá yìnbọn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dáná sun ilé díẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ ò wọ̀ wọ́n padà sórí omi. Ọwọ́ òfo ni wọ́n fi lọ lọ́jọ́ yẹn o.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì ni wọ́n tún padà dé, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, Bloodhound àti ọkọ̀ kejì tó ń jẹ́ Teazer, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Ọkọ̀ ńlá wọn, Penelope, tí Bruce tó jẹ́ olórí gbogbo wọn wà nínú ẹ̀, ò lè wọlé, torí iyanrìn tó wà lẹ́nu ọ̀sà nígbà yẹn ò jẹ́ kí ọkọ̀ tó bá jin sínú omi kọjá. Òkun ló dúró sí. Ẹ wá rò ó wò, àgbá tó pọ̀ jù nínú tiwọn ò wọ Èkó rárá.

Gbóyèga_Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n, níbo ni Kòsọ́kọ́ wá ti rí gbogbo àgbá yẹn? Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ló rọ ọ́ ni?

ỌmọÈkóẸ̀pẹ́

Rárá, rírà ni. Mi ò ní tan yín, owó ẹrú ló rà á. Àwọn oníṣòwò Potogí àti àwọn ará Bràsíìlì tó ń kó ẹrú l'Ékòó ni wọ́n ń ta ìbọn àti ẹ̀tù. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́ ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n mọ́ ìyókù.

Fẹ́mi_Ajéṣẹ́gun

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn fi wá, pé káwọn fòpin sí òwò ẹrú, òótọ́ ni nìyẹn?

ỌmọÈkóẸ̀pẹ́

Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Akítóyè tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí oyè ní 1845 ti wà ní Bàdágìrì tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òun padà, òwò epo pupa sì ń dùn mọ́ wọn nínú, ẹni tó bá di ẹnu ọ̀sà Èkó mú ló di ọ̀nà Abẹ́òkúta mú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ míì, àgbá la ń sọ.

Àtílárì_Fẹ̀yìntì

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún méjìlélógún ni mo lò nínú iṣẹ́ ológun, àtílárì, ìyẹn àwọn tó ń yin àgbá, ni ẹ̀ka mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó ṣe rí lójú ẹni tó ti dúró ti àgbá rí.

Àgbá ayé ìgbà yẹn, ẹnu ẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í. Tí wọ́n bá yìn ín tán, ẹnì kan á fi òwú tútù tí wọ́n dì mọ́rí ọ̀pá nu inú ẹ̀, torí tí ẹ̀ṣẹ́ná bá ṣẹ́kù síbẹ̀ tẹ́ ẹ wá da ẹ̀tù tuntun sí i, ọwọ́ ẹni tó ń kì í ló máa bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀tù, lẹ́yìn ẹ̀tù ni ọta irin, wọ́n á fi ọ̀pá tì í títí á fi délẹ̀, wọ́n á fi iná kan ihò kékeré tó wà lẹ́yìn. Tó bá ti dún, gbogbo irin yẹn á ta sẹ́yìn, gbogbo yín á tún tì í padà sáyè ẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wọ̀n ọ́n. Gbogbo wàhálà yìí fún ọta kan ṣoṣo.

Ẹ wá gbé irú àgbá yẹn sẹ́yìn òkìtì ilẹ̀, ẹ kọ ẹnu ẹ̀ sójú omi, kò ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì kíákíá. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá a kì í ṣe ọkọ̀ tó ń dúró de atẹ́gùn, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń jó èédú ni, ó lè síwájú, ó lè sẹ́yìn, ó lè yà bó ṣe wù ú. Kẹ́ ẹ tó ki àgbá tán ó ti kúrò níbi tẹ́ ẹ fojú sí. Ohun tó sì jẹ́ kí n gbà pé àwọn tó ń yin àgbá fún Kòsọ́kọ́ mọṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ Teazer. Lọ́jọ́ 26 yẹn ọkọ̀ náà há sórí iyanrìn, kò lè lọ kò lè bọ̀, àgbá orí ilẹ̀ bá rí i bá wí. Ìyà tó jẹ ẹ́ níbẹ̀ pọ̀ débi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi rí i pé àfi káwọn rán èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn àgbá yẹn níbi tí wọ́n wà. Wọ́n dé ibẹ̀ lóòótọ́, wọ́n kan ìṣó mọ́ ihò tí wọ́n fi ń tanná sí i, àgbá tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti di irin lásán nìyẹn, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ń padà sínú ọkọ̀ ni ìbọn àwọn ará Èkó bò wọ́n. Ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó kú nínú tiwọn lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣé ẹni tí ò ní àgbá ló ń ṣe báyẹn?

Tẹ́ ẹ bá bi mí, mo máa sọ pé ọjọ́ 26 yẹn, Kòsọ́kọ́ ló borí.

Gbóyèga_Ọ̀ṣun

Bàbá, ẹ ṣeun. Kí ló wá yí i padà lọ́jọ́ kejì?

ỌmọÈkóẸ̀pẹ́

Iná.

Lóru ọjọ́ yẹn wọ́n yọ Teazer kúrò lórí iyanrìn, tílẹ̀ mọ́ wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ju rọ́kẹ́ẹ̀tì sáàárín ìlú. Kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ayé ìsinsìnyí o, irin gbọọrọ tí wọ́n ki ẹ̀tù sí nídìí ni, igi gígùn kan wà lára ẹ̀, ó ń fi iná fò. Kì í sábà débi téèyàn fojú sí, tó bá jẹ́ èèyàn kan tàbí àgbá kan lẹ fẹ́ kó bà ó lè má bà á rárá. Ṣùgbọ́n ìlú ló fẹ́ bà. Oṣù Kejìlá sì ni, ọyẹ́ ti mú, ewé àti koríko ló wà lórí ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó, ilé fara ti ilé. Ọ̀kan nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kan ilé tí wọ́n kó ẹ̀tù sí, ó gbiná, ó bú gbàmù, iná wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti òrùlé kan bọ́ sórí ìkejì. Ẹ ò lè máa yin àgbá létí omi kí ìyàwó àtọmọ máa jó lẹ́yìn yín.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ ti kó àwọn èèyàn ẹ̀, àti Òṣòdì Tápà balógun ẹ̀, wọ́n ti gba orí ọ̀sà lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀lú tó ti ṣófo. Wọ́n gbé Akítóyè padà sórí oyè, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1852 ni wọ́n bá a tọwọ́ bọ̀wé nínú ọkọ̀ Penelope lójú òkun.

Torí náà Bàbá Tòmíwá, òrùlé ló ṣẹ́gun Kòsọ́kọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nílé wa nìyẹn, bí mo sì ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn.

ÌyáÌbejì_Lọ́ńdọ̀nù

Mo ti ń ka èyí látàárọ̀, mi ò lè ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un lórí òkìtì ilẹ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn.

Ní ọdún tó kọjá mo kó àwọn ọmọ lọ sí Fort Nelson lẹ́bàá Portsmouth níbí, wọ́n kó àgbá oríṣiríṣi síbẹ̀, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dà ní ilẹ̀ Tọ́kì ní 1464, idẹ ni, abala méjì tí wọ́n ń lọ́ mọ́ra bí ìdérí ìgò, Sultan wọn ló fi ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ ní 1866. Ọmọ mi kékeré lè jókòó sẹ́nu ẹ̀. Irú ẹ̀ làwọn ará Tọ́kì gbé lọ bá Constantinople, tó ń jẹ́ Istanbul báyìí, ní 1453. Ará Họ́ngárì kan tó ń jẹ́ Orban ló dà á, ọba Constantinople ló kọ́kọ́ lọ bá pé kó gba òun síṣẹ́, ọba ò rówó san, ló bá gba ọ̀dọ̀ Mehmed, Sultan àwọn ará Tọ́kì, lọ. Ọta òkúta tó ń yìn ju 500 kílò lọ, ọgọ́ta màlúù ló ń wọ́ ọ, wọ́n ní kì í dún ju bí ẹ̀ẹ̀méje lọ lóòjọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé ògiri òkúta ìlú yẹn, tó ti dúró láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún, ń wó lulẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti dalẹ́ àwọn ará ìlú á kó yẹ̀pẹ̀ àti igi dí ibi tó wó, wọ́n wá rí i pé yẹ̀pẹ̀ yẹn gba ọta dúró ju òkúta lọ! Ọta wọnú ẹ̀, kò fọ́. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni wọ́n fi jà. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn, odi ìlú àti yàrà tiwa ló wá sí mi lọ́kàn. Tí ẹnì kan bá ní ilẹ̀ pupa làwọn bàbá wa fi mọ odi torí wọn ò mọ òkúta lò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún un pé nígbà tó yá ọ̀pọ̀ ìlú ní Yúróòpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀ mọ odi nítorí àgbá.

Fẹ́mi_Ajéṣẹ́gun

Gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n ẹ má bínú o, ó ń jọ mí lójú pé ẹ fẹ́ sọ pé àgbá ò já mọ́ nǹkan kan. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú Òde ni. Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1892, Ìmàgbọ̀n. Àwọn Ìjẹ̀bú dúró létí odò Yemoji, wọ́n pọ̀ ju àwọn tó ń bọ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, wọ́n ní ìbọn, àwọn míì nínú wọn ní Snider tí wọ́n ń kì láti ẹ̀yìn, wọ́n mọ igbó yẹn bí wọ́n ṣe mọ yàrá wọn. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Scott kó àgbá kéékèèké tí wọ́n ń gbé kiri wá láti Ẹ̀pẹ́, ó kó rọ́kẹ́ẹ̀tì wá, ó kó Maxim wá. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ogun yẹn ti parí, ọjọ́ kejì wọ́n ti wà nínú Ìjẹ̀bú Òde. Níbẹ̀ yẹn kò sí ọ̀rọ̀ òrùlé o. Irin ló pa wá.

Àtílárì_Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi Fẹ́mi, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí torí òótọ́ pọ̀ nínú ẹ̀, ẹni tó bá ní àgbá kò já mọ́ nǹkan kò tíì dúró síbi tó ń bọ́ sí rí. Ṣùgbọ́n tún wo Ìmàgbọ̀n yẹn dáadáa. Maxim kì í ṣe àgbá, ìbọn tó ń yìn láìdáwọ́ dúró ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé wọ́n so àgbá, rọ́kẹ́ẹ̀tì, Maxim àti ẹsẹ̀ àwọn sójà pọ̀. Àgbá á fọ́n àwọn tó wà létí odò ká, kí wọ́n tó padà gbára jọ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn á ti wọ odò. Ibi tí agbára ẹ̀ wà nìyẹn. Àgbá tó dá wà, tí kò sẹ́ni tó ń rìn tẹ̀ lé ariwo ẹ̀, ariwo ni.

Wo ohun tójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà rí ní odò Somme nílẹ̀ Faransé ní 1916. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi yin àgbá, ọta tó ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ, wọ́n ní kò ní sí Jámánì kan tó máa wà láàyè. Púpọ̀ nínú ọta yẹn ò bú rárá, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó bú jẹ́ irú èyí tó ń fọ́n ọta kéékèèké ká, kò lè já wáyà ẹlẹ́gùn-ún, àwọn Jámánì sì ti gbẹ́ ihò jìn wọnú ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí títí àgbá fi dákẹ́. Bó ṣe dákẹ́ báyìí wọ́n jáde pẹ̀lú ìbọn wọn. Ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọjọ́ kan ṣoṣo, Gẹ̀ẹ́sì 19,240 kú. Wọ́n fi nǹkan yẹn kọ́ wa ní báráàkì, mi ò sì tíì gbàgbé iye yẹn.

Ọmọ_Ìmẹ̀sí

Ẹ jẹ́ kí àwa ará òkè náà sọ tiwa. Ogun Kírìjí, 1877 sí 1893, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lápá kejì. Bíi ti Agídìngbì ni orúkọ yẹn náà ṣe jẹ́, ìró ìbọn ló bí i, ó ń dún láàárín òkè, òkè ń dá a padà, kí-rì-jí, kí-rì-jí. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ló dáwó jọ tí wọ́n fi ń ra ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, Ìbàdàn tó ti ń borí gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀ wá bá nǹkan tí wọn ò bá pàdé rí. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí bùdó ní 1885, ogun ò tán. Ògèdèǹgbé, balógun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ò lè lé Ìbàdàn kúrò, Ìbàdàn ò lè gun òkè.

Kí ló dé? Òkè ni. Apá méjèèjì ti rí ibi sá pa mọ́ sí. Bí ìbọn bá ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ lèèyàn ń wọnú ilẹ̀ sí i. 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, Samuel Johnson wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbọ́rọ̀ bọ̀ láàárín bùdó méjèèjì, síbẹ̀ bùdó ò tú pátápátá títí di 1893. Lọ́jọ́ tí mo lọ sí Ìmẹ̀sí Ilé tí mo dúró síbi tí wọ́n jà, mo pariwo lẹ́ẹ̀kan, ohùn mi padà wá bá mi. Ara mi bù máṣọ.

Gbóyèga_Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìmẹ̀sí, ẹ ti rán mi létí bàbá bàbá mi. Bọ́mà ni wọ́n lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pẹ̀lú 81st Division, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní àfonífojì Kaladan. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù níbẹ̀, wọ́n á tú àgbá sí wẹ́wẹ́, táyà lọ́tọ̀, ẹnu lọ́tọ̀, wọ́n á gbé e gba inú igbó tí mọ́tò ò lè gbà. Bàbá máa ń sọ pé ọ̀tá ò mọ̀ pé àgbá lè débẹ̀, ìdí nìyí tó fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka tó ń ru ẹrù ni wọ́n wà, wọn ò yìnbọn rí, ṣùgbọ́n èjìká wọn ṣì ní àpá títí wọ́n fi kú.

Àtílárì_Fẹ̀yìntì

Ọlọ́run á tẹ́ bàbá yẹn sáfẹ́fẹ́ rere. Ohun kan náà làwọn ará Vietnam ṣe fún àwọn Faransé ní Dien Bien Phu ní 1954. Ọ̀gá àgbá àwọn Faransé, Piroth, ti fi dá wọn lójú pé kò sí àgbá ọ̀tá tó máa dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kóun tó pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n fọwọ́ fa àgbá gun òkè, wọ́n gbẹ́ ihò sínú òkè fún un, Faransé ò rí i. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Piroth ò rí ohun kan ṣe sí i, ó pa ara ẹ̀. Ẹni tó ru àgbá débi tó yẹ, oògùn ẹni tó yìn ín ni.

ÌyáÌbejì_Lọ́ńdọ̀nù

Kò yẹ ká gbàgbé 1861 náà o. Dòsùnmú ọmọ Akítóyè ló wà lórí oyè, ó ń kọ̀ láti fi Èkó sílẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé ọkọ̀ ogun Prometheus wá síwájú ìlú, wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn máa yin àgbá ẹ̀ sí ìlú. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò dún rárá lọ́tẹ̀ yìí, torí àwọn tó gbọ́ ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì wà láàyè, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún òrùlé wọn ṣe tán ni.

BàbáTòmíwá

Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Èmi àti Tòmíwá jókòó, mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sí i létí, ó béèrè ìbéèrè mẹ́jọ, ọ̀kan ni pé kí ló dé tí Kòsọ́kọ́ ò fi páànù bo ilé. Ó ti fa igi lé ìlà yẹn nínú nọ́ọ̀tì ẹ̀. Ohun tó kọ sábẹ́ ẹ̀ rèé, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́: “Ọba Kòsọ́kọ́ ní àgbá púpọ̀ létí ọ̀sà, ó kọ́kọ́ lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà, ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì sun ìlú lẹ́yìn ẹ̀.” Mo máa tẹ̀ lé e lọ rí tíṣà ẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò ní bá wọn jà, mo kàn máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbọ́ ọ.

ỌmọÈkóẸ̀pẹ́

Tòmíwá ṣe dáadáa. Ẹ sọ fún un kó fi ìlà kan kún un pé Kòsọ́kọ́ padà s'Ékòó ní 1862, àwọn tó bá a padà láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tẹ Èpètèdó dó. Tẹ́ ẹ bá mú un wá sí Erékùṣù lọ́jọ́ Sátidé, mo máa mú yín rìn gba ibẹ̀, ká tún dé etí omi níbi tí àgbá wà.